Smoker Wo Ni Kí Ẹ Rà? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Fi Èéfín Se Ẹran ní Ẹ̀yìnkùlé

Tí oṣù May bá ti wọlé ní Houston, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gboyè jáde, àsìkò náà ni àwọn èèyàn wa máa ń rọ́ lọ sí Home Depot, Lowe's àti Academy láti ra smoker. Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń rà á: èyí tó tóbi jù, èyí tó ń dán jù, tàbí irú èyí tí aládùúgbò ní. Lójú tèmi, ohun méjì ló yẹ kó pinnu rẹ̀: ẹran tí ilé yín ń jẹ gan-an, àti iye wákàtí tí ẹ lè fi jókòó ti iná. Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí méjèèjì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó dé ọjà. Owó ló ṣìkẹta, ẹ má jẹ́ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà. Súyà máa ń wà lójú èédú tààrà, ó sì máa ń jinná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Smoker kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń gbé iná jìnnà sí ẹran, tàbí kó fi irin tàbí abọ́ omi dí wọn láàárín, kí ìgbóná inú rẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi 225 sí 275 dígírì Fahrenheit, ìyẹn 107 sí 135 ní Celsius. Fahrenheit ni gbogbo dígírì tí mo bá dárúkọ láti ibí lọ, torí òun ló wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ní ìwọ̀n ìgbóná yìí, iṣan líle tó so ẹran pọ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, èéfín igi á sì ráyè wọ ara ẹran. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ẹran tí ẹ ń sè sílẹ̀

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ti sè ní ìta láàárín ọdún kan sẹ́yìn sílẹ̀. Ohun tí ẹ sè ni o, kì í ṣe ohun tí ẹ rí lórí YouTube. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo mọ̀ ní Texas, ẹran ewúrẹ́ ló máa ṣáájú, tòlótòló á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà itan adìyẹ àti ẹja àrọ̀. Igẹ̀ màlúù, ìyẹn brisket tí àwọn ará Texas fi ń yangàn, lè má yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, nítorí brisket ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ra smoker.

Ohun tí ẹran kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lọ́wọ́ iná kò dọ́gba. Brisket lọ́ràá, iṣan inú rẹ̀ pọ̀, ó sì lè lo wákàtí 10 sí 16 lórí iná 225 sí 250 kó tó rọ̀. Tí àárín rẹ̀ bá dé nǹkan bíi 200 sí 205 ló máa ń gba ọ̀bẹ láìjà. Ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ kéré, ìgbóná gbígbẹ tó bá pẹ́ jù á fa gbogbo omi ara rẹ̀ tán, ẹran á wá le koko. Ọ̀nà tó dára fún itan tàbí èjìká ewúrẹ́ ni kí ẹ fún un ní èéfín fún wákàtí 2 sí 3 ní 250, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sínú abọ́ fóìlì pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti omi ẹran díẹ̀, kí ẹ bò ó pinpin, kó máa rọ̀ lọ títí ẹran yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lára egungun. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe asun á wá gé e wẹ́wẹ́, á sì yí i mọ́ ata rodo àti àlùbọ́sà nínú páànù gbígbóná. Asun tí èéfín igi wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹ ò ní fẹ́ padà sí ti inú ovun mọ́.

Tòlótòló àti adìyẹ tún ní ìṣòro tiwọn, awọ. Ní 225, awọ adìyẹ á máa fà bíi rọ́bà. Kí awọ tó lè gbẹ kó sì ha díẹ̀, iná gbọ́dọ̀ lè gòkè dé nǹkan bíi 325. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn smoker kan wà tí agbára wọn kì í kọjá 275. Ẹja àrọ̀ tí a fẹ́ kó gbẹ ni òdìkejì rẹ̀: iná kékeré ló ń fẹ́, àti afẹ́fẹ́ tó ń ráyè kọjá kó lè gbé omi ara ẹja jáde.

Lẹ́yìn irú ẹran, ẹ wo iye ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń ka ínṣì ààyè ẹran lára páálí kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń ka gbogbo àwọ̀n irin pọ̀, títí kan ti òkè pátápátá tí tòlótòló kò lè wọ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ràn jù ni abọ́ fóìlì ńlá tí a fi ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ síbi òde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 21 ní gígùn àti 13 ní fífẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan dání lọ sí ilé ìtajà, kí ẹ gbé e sínú smoker tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pa ìdérí dé. Tí kò bá wọlé, ẹ ti mọ̀ pé smoker yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń se oúnjẹ fún 50 èèyàn. Fún ilé èèyàn márùn-ún, kò di dandan kó gbà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò wákàtí yín

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Kò sí smoker tí kò béèrè àkókò, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń gbà á. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ yọjú ní wákàtí kan sí méjì. Àwọn kan kò bìkítà bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì padà wá.

Ẹ rántí pé ẹran ńlá kì í gbóná ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí àárín brisket tàbí èjìká ẹlẹ́dẹ̀ bá dé nǹkan bíi 150 sí 170, ó lè dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Omi ara ẹran ló ń gbẹ kúrò lójú rẹ̀, gbígbẹ náà sì ń tù ú lára bí òógùn ṣe ń tu àwa náà lára, títí omi yẹn yóò fi dínkù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iná ti kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi sí i láìnídìí. Àlejò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka wákàtí ẹran ńlá, ẹ fi wákàtí 2 tàbí 3 lé e.

Tí ìyá tàbí bàbá ilé bá ń ṣiṣẹ́ òru, tí àwọn ọmọ kékeré wà nílẹ̀, tí Sátidé sì jẹ́ ọjọ́ ìnáwó lọ́dọ̀ àwọn ará, ẹ sọ òótọ́ fún ara yín pé wákàtí 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kò ṣeé ṣe. Ẹran tó dùn ṣì lè jáde láti inú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú tó wà lọ́jà

Offset ni èyí tí ẹ máa ń rí ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ barbecue ní Texas: àpótí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbá irin gígùn tí ẹran wà nínú rẹ̀, àti páìpù èéfín lápá kejì. Igi gan-an ló ń jó nínú rẹ̀. Èédú tí wọ́n bá lò kò ju èyí tí wọ́n fi tan iná lọ. Ní àárín gbùngbùn Texas, post oak ni igi tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú Lockhart, tí àwọn aṣòfin Texas pè ní olú ìlú barbecue ìpínlẹ̀ náà ní 1999, wà ní agbègbè yìí. Àwọn alápatà tó wá láti Jámánì àti ilẹ̀ Czech ló ṣí ọjà ẹran síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ti ń dúró ti kòtò iná láti ayé oko ẹrú ní gúúsù Amẹ́ríkà. Òye àwọn méjèèjì ló pàdé nínú ẹran tí a ń jẹ lónìí.

Kò sí adùn tó ju ti offset tó dára lọ. Àmọ́ ẹrú iná ni ẹni tó ni ín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 sí 45, igi kan gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ ó ṣí ojú afẹ́fẹ́, ẹ ó wo páìpù. Tí èéfín bá nípọn, tó funfun, tó ń yọ gùdùgùdù, igi náà kò jó dáadáa, ẹran á korò. Tí ó bá tínrín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń wo igi aládùúgbò gba inú rẹ̀, tó sì fẹ́ ní àwọ̀ búlúù, nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ínṣì kan, kó lè di ìgbóná mú. Irú èyí wúwo bí òkúta, ó sì sábà máa ń kọjá 1,000 dọ́là. Offset olówó pọ́ọ́kú tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí èéfín ń jò ní gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á. Owó kan náà á ra àgbá tàbí bullet tó dára, àwọn méjì tí mo fẹ́ ṣàlàyé báyìí.

Bullet ni a ń pe èyí tó dúró gbọọrọ: èédú nísàlẹ̀, abọ́ omi láàárín, ẹran lókè. Weber Smokey Mountain, tó jáde ní 1981, ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà, ínṣì 14, 18 àti 22. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dáná rẹ̀ rọrùn: ẹ kó èédú tútù kún àárín rẹ̀, ẹ da èédú díẹ̀ tó ti pọ́n sórí rẹ̀, iná á máa ràn láti òkè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi orúkọ Jim Minion, ẹni tó mú un gbajúmọ̀, pè. Ó lè gbé ẹran fún wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfi èédú kún un. Abọ́ omi rẹ̀ tún dára fún ewúrẹ́, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í gbẹ púpọ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé abọ́ fóìlì ńlá kò lè wọ ti ínṣì 18.

Àgbá gálọ́ọ̀nù 55 jọ ọ́, àmọ́ kò sí abọ́ omi nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹran lè wà lórí àwọ̀n, ó sì lè rọ̀ sórí irin ìkọ́, kí ọ̀rá rẹ̀ máa kán sórí èédú. Èéfín ọ̀rá yẹn ní adùn tirẹ̀, ó sì súnmọ́ adùn tí a mọ̀ láti ilé. Àgbá fẹ́ràn 275 sí 300, nítorí náà ó yá ju àwọn yòókù lọ. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi èwo ló bá ilé tó ń jẹ adìyẹ, tòlótòló àti ewúrẹ́ mu jù, tí owó kò sì pọ̀, àgbá ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹni tó ti ní Weber kettle nílé, èyí tó rí róbótó tí George Stephen ṣe ní 1952, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ to èédú yípo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà méjì, ẹ tan ìkángun kan, iná á máa rìn lórí ìlà yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ ó sì gbé ẹran sí apá tí èédú kò sí. Ẹ fi sè fún oṣù díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ nílò smoker rárá.

Kamado jẹ́ ti amọ̀ seramíìkì. Ní Japan ni wọ́n ti rí i, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbé e wálé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Big Green Egg, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe é, bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta ní 1974. Ara kamado nípọn, èédú díẹ̀ ló ń jẹ, òtútù Chicago tàbí Maryland kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ó lè lọ sílẹ̀ sí 225, ó sì lè gòkè kọjá 600 fún píìsà. Àmọ́ tí ẹ bá jẹ́ kí ó gbóná jù, yóò pẹ́ kó tó tutù. Tó bá ṣubú, ó fọ́ nìyẹn. Ó wọ́n.

Pellet ni ti àwọn tí kò ní àkókò. Joe Traeger ló ṣe é ní Mt. Angel, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì gba àṣẹ onímọ̀ (patent, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe irú rẹ̀) lé e lórí ní 1986. Nígbà tí àṣẹ náà parí ní 2006, ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, òun ló fi di ohun tó kún gbogbo ọjà. Igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fún mọ́ra di róbótó kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní pellet, ló ń jẹ. Irin kan ń yí, ó ń ti igi náà lọ síbi iná, fáànù ń fẹ́ ẹ, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ sì ń ṣọ́ ìgbóná. Ẹ tẹ 250, ẹ lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Katy tó jẹ́ nọ́ọ̀sì òru máa ń gbé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ sórí tirẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, fóònù rẹ̀ ló fi ń wo ìgbóná rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà nílé tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò lágbára tó ti offset. Láìsí iná mànàmáná, kò lè ṣiṣẹ́. Àti pé afẹ́fẹ́ Houston lómi: tí ẹ bá fi pellet sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìdáná, á rọ̀, á wú, á sì há irin tó ń yí náà. Ẹ máa kó o jáde, kí ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí.

Èyí tó ń lo iná mànàmáná nìkan, tó rí bí àpótí aṣọ, rọrùn láti lò jù, ó sì dára fún ẹja tí ẹ fẹ́ gbẹ, torí ó lè dúró ní ìgbóná kékeré. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá 275, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí awọ adìyẹ. Òrùka pupa tó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ ẹran ká lábẹ́ ojú rẹ̀ kì í sábà hàn pẹ̀lú rẹ̀, torí gáàsì tí igi àti èédú ń tú jáde bí wọ́n ṣe ń jó ló ń fa àwọ̀ yẹn. Kò kan adùn. Èyí tó ń lo gáàsì rí bíi rẹ̀, àmọ́ kò nílò wáyà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fọwọ́ kan án ní ilé ìtajà

Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá lè rí i lójúkojú. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ rọra pa á dé, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ mu. Ìlẹ̀kùn tó ń mì, tó ń dún gbàngbàn bí ẹ ṣe ń pa á dé, ibẹ̀ ni ìgbóná máa gbà jáde. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ gbé e sínú, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́nu ìdérí kò burú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ yíká, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú afẹ́fẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Afẹ́fẹ́ ni ẹ fi ń darí iná, kì í ṣe igi. Tí irin kékeré tí a fi ń ṣí i tí a fi ń pa á bá dẹ̀ jù, tó ń yí fúnra rẹ̀, tàbí tó le jù débi pé ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kò ní lè yí i, ẹ ò ní gbádùn smoker yẹn láé. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ mì í. Ẹ wo ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde, bóyá ó rọrùn láti fọ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe máa kó eérú rẹ̀ láìtú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tẹmómítà tó wà lójú ìdérí. Òkè ló wà, ẹran wà nísàlẹ̀, ó sì lè fi dígírì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ìgbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún èyí tó ní wáyà méjì, ọ̀kan fún inú ẹran, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun náà ló ń dá ààbò bo yín. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà là kalẹ̀ ni 165 fún adìyẹ àti tòlótòló, 160 fún ẹran lílọ̀, 145 fún ẹja, àti 145 fún odindi ẹran màlúù, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Oje ẹran tó mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà ni ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo ibi tí yóò dúró sí

Ẹni tó ń gbé apartment, ẹ ka ìwé àdéhùn ilé yín kí ẹ tó náwó. Òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ń lò kò fàyè gba iná èédú lórí bálíkónì ilé alágbàálé púpọ̀, tàbí láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ohun tó lè jóná. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ kó béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, HOA, torí àwọn kan kò fẹ́ kí smoker hàn sójú títì.

Kódà níbi tí òfin kò ti dé, ẹ gbé e jìnnà sí ògiri ilé, sí ọgbà onígi àti sí ẹ̀ka igi tó rọ̀ wálẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ kọnkéré tàbí òkúta ló dára jù. Dẹ́ẹ̀kì onígi kò dára. Ẹ bẹ̀ mí, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú gáráàjì nítorí òjò, bí ìlẹ̀kùn gáráàjì tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èédú àti igi tó ń jó ń tú gáàsì carbon monoxide jáde. Kì í rùn, ojú kì í rí i, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Èédú tó dà bíi pé ó ti kú ṣì ń tú u jáde, nítorí náà ẹ má gbé e wọlé lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ lò ó.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ ilé yín pẹ̀lú. Tí ẹ bá mọ ibi tí atẹ́gùn sábà ń gbà wá, ẹ kọ ẹ̀yìn àpótí iná sí i, kí ó má máa fẹ́ iná sókè láìròtẹ́lẹ̀, kí èéfín má sì lọ sí fèrèsé aládùúgbò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka owó tó kù

Owó smoker kọ́ ni òpin owó. Tẹmómítà wà níbẹ̀, ìbòrí tí òjò kò lè wọ̀ wà níbẹ̀ (ìpẹtà Houston kì í ṣeré), agolo irin tí a fi ń tan èédú, ìbọ̀wọ́, àti ẹ̀rọ pánápaná kékeré. Epo olómi tí wọ́n fi ń tan iná, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọjà, ó máa ń wọ ara ẹran. Fún offset, ẹ tún ní láti mọ ẹni tó ń ta igi gbígbẹ ní àdúgbò yín, torí igi tútù kò wúlò. Oak, hickory, pecan àti igi ápù ló dára. Mesquite lágbára, díẹ̀ ló tó. Igi páìnì, igi tí wọ́n kùn, tàbí pákó tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kọ́lé, ẹ má fi wọ́n sínú iná oúnjẹ láé.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, tàbí kí ẹ fúnra yín ṣe é

Tòkunbọ̀ dára, pàápàá bullet, kettle àti offset onírin nínípọn, torí kò sí ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́ lára wọn. Ìpẹtà ojú lásán ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ kúrò, kí ẹ sì fi òróró pa á. Èyí tó ti jẹ ìsàlẹ̀ àpótí iná débi pé ìka lè gbà á kọjá, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Pellet tòkunbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹ dúró títí tí yóò fi dé 250.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ wẹ́dà lè fi àgbá ṣe tirẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti rọ sínú àgbá náà rí, èyí tí wọ́n fi kó oúnjẹ nìkan ni kí ẹ gbà. Ọ̀dà tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jóná tán kí ẹran tó débẹ̀. Àwọ̀n, ìkọ́ tàbí irin tí wọ́n fi síńkì bò kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, torí síńkì tó bá gbóná jù máa ń tú èéfín tó léwu jáde.

Ìgbésẹ̀ 8: Iná àkọ́kọ́

Kí ẹran kankan tó wọ smoker tuntun, ẹ fi òróró tẹ́ẹ́rẹ́ pa inú rẹ̀, kí ẹ sì dáná sí i fún wákàtí 2 sí 3 bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ, kí òórùn ilé iṣẹ́ àti epo tó wà lára irin lè jóná kúrò. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ́ ìwà rẹ̀. Ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tán, ẹ wo ibi tí ìgbóná dé, ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sára ògiri gáráàjì tàbí sínú fóònù yín.

Kí ẹ tó pa iná náà, ẹ gbé ìgbóná rẹ̀ dé nǹkan bíi 350 tí ó bá lè dé ibẹ̀, kí ẹ to búrẹ́dì gígé sórí gbogbo àwọ̀n irin rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dúdú ló máa fi ibi tí iná ti ń jà hàn yín, èyí tó ṣì funfun á sì fi ibi tó tutù hàn. Ibi tí iná ti ń jà, ibẹ̀ ni ọ̀rá brisket máa kọjú sí. Ibi tó tutù ni ẹja máa wà.

Ẹran àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ itan adìyẹ. Kò wọ́n, kì í tètè gbẹ, kò sì ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ ní 275. Àwọn itan yẹn kọjá 165 kí wọ́n tó rọ̀ dáadáa. 175 ni mo máa ń dúró dè. Ẹ to méjì síbi tó gbóná jù, méjì sáàárín, méjì síbi tó tutù jù, kí ẹ sì jẹ wọ́n tẹ̀ léra.